Ẹ má yọ tráàpù abẹ́ sìńkì yín o

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti fóònù dé fóònù nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ó ní páìpù tó tẹ̀ lábẹ́ sìńkì, èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní tráàpù, kò wúlò, pé ọgbọ́n àtijẹun wọn lásán ni, pé ká fi páìpù gbọọrọ rọ́pò rẹ̀ kómi lè tètè máa lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi díẹ̀ máa ń dúró níbi tí páìpù náà ti tẹ̀. Omi yẹn ló ń dènà òórùn àti gáàsì tó ń bọ̀ láti sókàwéè, gáàsì tó lè gbiná, tó sì lè ṣe èèyàn léṣe bó bá pọ̀.

Ẹni tó ń gbé Èkó, tó ti ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde pa fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó wálé wá ṣe Ojúde Ọba, á ti rí ẹ̀rí rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, òórùn gba gbogbo balùwẹ̀. (Èmi ti wá òkú eku kiri rí nítorí ẹ̀!) Omi inú tráàpù ló gbẹ. Ẹ da omi sójú ihò tómi ń gbà lọ, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ó rí i pé òórùn á lọ.

Bómi bá ń falẹ̀, ọ̀rá ọbẹ̀ tàbí irun ló sábà máa ń fà á. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú tráàpù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Bí kò bá yí padà, ẹ pe púlọ́ńbà.

Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ orí fóònù náà ránṣẹ́ sí mi fẹ́ bá wa dín ìnáwó kù ni, n ò bá a wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.