Ọmọ ogun ara kò gbọdọ̀ máa gbóná ṣáá

Ní ibùdókọ̀ tí a ti ń wọkọ̀ Oǹdó ní Àkúrẹ́, àwọn tó ń polówó oògùn máa ń sọ fún èrò pé ìgò kan ṣoṣo yóò ru ọmọ ogun ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, sókè, àti pé ẹni tí tirẹ̀ bá ń gbóná nígbà gbogbo kò ní ṣàìsàn. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pàápàá gbà á gbọ́. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, nítorí pé ara fúnra rẹ̀ ń ṣe làálàá láti dá ọmọ ogun rẹ̀ dúró.

Inú DNA wa, ìyẹn ìwé ìlànà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ni ohun kan tó ń dá a dúró ti ń wá. Àbùdá, ìyẹn abala DNA, tí a fi ń rọ purotéènì, àwọn èròjà tó ń ṣiṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, tó nǹkan bí 20,000, ṣùgbọ́n ìlànà purotéènì kò gbà ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 DNA wa lọ. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pe ìyókù ní pàǹtí. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bí èyí tó wúlò nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, síbẹ̀ ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn RNA, ìyẹn ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ láti ara DNA, tí kì í di purotéènì ti ń wá, iṣẹ́ àwọn kan nínú wọn sì ni láti ṣàkóso àbùdá mìíràn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Victor Ambros àti Gary Ruvkun ṣàwárí irú rẹ̀ kékeré kan, tí a ń pè ní microRNA, lára aràn kan ní 1993, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2024.

Ọ̀kan nínú àwọn microRNA ni miR-146a, tí kò gùn ju lẹ́tà 22 lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara bá fara kan bakitéríà, purotéènì IRAK1 àti TRAF6 ni ó ń gbé ìròyìn náà lọ, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ NF-κB, purotéènì mìíràn tí yóò jí àwọn àbùdá tó ń mú ara gbóná, tó sì ń mú un wú. Àbùdá miR-146a wà lára àwọn tí NF-κB ń jí. Ẹni tó bá ti se ìrẹsì ìnáwó lórí ààrò mọ̀ pé ọwọ́ tó ń ki igi bọ iná náà ló ń fa igi yọ. RNA kékeré yìí yóò lẹ̀ mọ́ àwọn RNA tí a fẹ́ fi rọ IRAK1 àti TRAF6, purotéènì méjèèjì yóò dín kù, ìròyìn náà yóò sì máa rọlẹ̀.

Ní 2011, àwọn onímọ̀ jábọ̀ nípa eku tí wọ́n ti yọ àbùdá miR-146a kúrò lára wọn: bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ọlọ inú wọn wú, ọmọ ogun ara wọn dojú ìjà kọ ara tó yẹ kó ṣọ́, kókó jẹjẹrẹ sì yọ lára àwọn mìíràn. Ohun tí àwọn tó ń polówó oògùn ń ṣèlérí ní ibùdókọ̀ gan-an ni eku wọ̀nyẹn ní, ọmọ ogun ara tó ń gbóná ṣáá. MicroRNA mìíràn, miR-155, ń ki igi bọ iná náà ní tirẹ̀.

Màmá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ní àrùn lupus, èyí tí ọmọ ogun ara ti ń bá ẹ̀yà ara jà. Oògùn tí dókítà kọ fún wọn ń mú kí ọmọ ogun náà rọlẹ̀, síbẹ̀ wọ́n tún ń ra ìgò tí wọ́n ní yóò ru ú sókè. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ìgò náà lọ han dókítà kí wọ́n tó tún mu ún.