Òmìnira kọ́ ló gbé ìbò lé obìnrin lọ́wọ́ o

Sátidé tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan, bọ̀ọ̀dá kan tó ti ṣe tísà rí ló tún bẹ̀rẹ̀. A ń jẹ ìrẹsì wa jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ ìdìbò yọjú, ni wọ́n bá ní kí àwa obìnrin ilẹ̀ yìí máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó, pé obìnrin ìlú òyìnbó jà títí kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n dìbò, ṣùgbọ́n tiwa, 1960 dé, gbogbo wa gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn èèyàn ń mi orí. Èmi gbé ṣíbí kalẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tó kàwé àti ẹni tí ò kàwé, ó ti sú mi.

Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Tó bá jẹ́ òmìnira ló kó ìbò wá fún obìnrin, kí ló dé tí kò yà ní Kano? Ìdìbò 1959 tó gbé ìjọba òmìnira wọlé yẹn, obìnrin Ìlà Oòrùn lẹ́tọ̀ọ́ àtidìbò, ti Ìwọ̀ Oòrùn lẹ́tọ̀ọ́, ti Èkó náà lẹ́tọ̀ọ́, ti Àríwá kò ní. Ọkùnrin nìkan. 1960 dé, wọ́n ta àsíá tuntun, kò sí ohun tó yí padà fún wọn. 1964, a tún dìbò àpapọ̀, obìnrin Ìbàdàn lẹ́tọ̀ọ́ láti tò sórí ìlà, obìnrin Sokoto kò ní, orílẹ̀-èdè kan náà o, olórí ìjọba kan náà. 1976 ni ìjọba ológun tó fọwọ́ sí i pé kí obìnrin Àríwá máa dìbò, 1979 ni wọ́n tó fi dìbò yan ìjọba àpapọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, 1960 sí 1976, ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ òmìnira ti ń hu irùngbọ̀n.

Kì í sì í ṣe pé àwọn obìnrin ọ̀hún ń sùn. Hajiya Gambo Sawaba ti Zaria, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU ní Àríwá, wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé léraléra, torí ó ń wí pé kí obìnrin lọ sílé ìwé, kí ó sì dìbò. Àní ó rin ìrìn àjò wá sí Abẹ́òkúta kó lè wá kọ́ṣẹ́ ìjà lọ́dọ̀ Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó ń ṣíwájú àwọn obìnrin ibẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lèèyàn máa ń tìtorí ẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ni?

Ó yá, Abẹ́òkúta. Ìyá tó bí ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú, àwọn ni wọ́n jẹ́ kí n mọ ọ̀rọ̀ yìí kí n tó rí i nínú ìwé kankan. Sílè méjì àti sísì ni owó orí obìnrin lọ́dún, tajà tàbí o ò tajà, ọmọdébìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á san. Màmá àgbà yìí sọ fún mi pé àwọn máa ń di rìsíìtì owó orí mọ́ etí ìró tí àwọn bá ń lọ sọ́jà, torí wọ́n lè dá yín dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n ní ẹ mú un wá. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bébà yẹn bí wọ́n ṣe mọ ojú ọmọ wọn. Wọ́n á máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fi bó ṣe kéré tó hàn mí, wọ́n á ní, "Èyí ni wọ́n fi ń tú ìdí wa." Mi ò tètè mọ̀ pé kì í ṣe àfiwé ni màmá ń ṣe. Àfìgbà tí mo dàgbà tí mo kà á pé ọ̀kan lára ẹjọ́ tí àwọn obìnrin ń rò nìyẹn, pé àwọn agbowó orí ń tú aṣọ lára ọmọdébìnrin láti wò ó bóyá ó ti tó owó san.

Ẹ sanwó, ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá ìgbà yẹn, obìnrin kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Màmá Ransome-Kuti, tó ti dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé sílẹ̀ ní 1932, bọ́ gáùn òyìnbó sílẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá, ó jókòó ti àwọn ọlọ́jà, ó ń kọ́ wọn ní ABD, nígbà tó sì di 1946 ẹgbẹ́ náà ti di Abeokuta Women's Union. Ọ̀rọ̀ wọn ò lọ́jú pọ̀: ẹ ò lè gba owó wa kí ẹ má gba ohùn wa. Tí ìjọba bá ní kò sí àṣẹ ìwọ́de, wọ́n á ní ìwọ́de kọ́, píkíníìkì làwọn ń lọ ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló lọ jókòó síwájú ààfin ní ìparí 1947. January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ipò sílẹ̀ (wọ́n padà dé ní December 1950, ká sọ tòótọ́), owó orí obìnrin kúrò ńlẹ̀, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀, Màmá Ransome-Kuti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ibi tó ń bí mi nínú jù nìyí. 1951, wọ́n ní kí Ìwọ̀ Oòrùn dìbò, wọ́n wá ní ẹni tó bá ń san owó orí ló lè dìbò. Ẹ rí i? Obìnrin tó jà títí tí wọ́n fi yọ owó orí lọ́rùn ẹ̀, òun náà ni wọ́n tún wá ń bi pé rìsíìtì ẹ dà. Màmá Ransome-Kuti du ipò lọ́dún yẹn, kò wọlé. Kò sinmi, 1953 ló kó ẹgbẹ́ obìnrin káàkiri Nàìjíríà jọ, kí gbogbo obìnrin ṣáà máa dìbò láìsan owó orí.

Òyìnbó tí ẹ ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́? 1922 ló kọ́kọ́ gbé ìdìbò ìgbìmọ̀ aṣòfin wá, Èkó àti Calabar nìkan, ọkùnrin tó ń pa ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún. 1946, ó dín in sí àádọ́ta. Ọkùnrin náà ni. Bẹ́ẹ̀ láti 1928 ni obìnrin tirẹ̀ nílé ti ń dìbò bákan náà pẹ̀lú ọkùnrin, ó mọ̀ pé ó ṣe é ṣe.

Ó dáa, mo gbà pé Màmá Ransome-Kuti nìkan kọ́ ló jà, Oyinkan Abáyọ̀mí dá ẹgbẹ́ òṣèlú obìnrin sílẹ̀ l'Ékòó ní 1944, mo sì gbà pé àwọn ọkùnrin ló jókòó sídìí tábìlì kọ òfin ọ̀hún. Ẹni tó kọ ọ́ ò ṣáà ní fọwọ́ sí i tẹ́nì kankan ò bá kan ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń sọ pé ṣebí àwọn ò rí i kà nílé ìwé, ẹjọ́ ilé ìwé yín nìyẹn.

Màmá Ransome-Kuti kú ní April 1978, lẹ́yìn tí sójà jù wọ́n láti ojú fèrèsé nílé Fela ọmọ wọn lọ́dún tó ṣáájú. Ìgbà tí obìnrin Kano fi tò sórí ìlà ní 1979, wọ́n ti lé lọ́dún kan nínú ilẹ̀.

Gbogbo eléyìí ni mo rò fún bọ̀ọ̀dá wa, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń ka ọdún lórí ìka. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n nu ẹnu wọn, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe obìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò yẹn lò ń sọ?"

Mo gbé ṣíbí mi. Ìrẹsì ti tutù.