Èrò Ọkàn Mi: Ẹ Wo Ìyá àti Bàbá Adìẹ Kí Ẹ Tó Sanwó Àwọ̀ Ìyẹ́

Ìfẹ́ sí adìẹ aláràbarà ti gbilẹ̀ láàárín àwa tí a ń sin adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé ní ilẹ̀ Èkìtì, láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, láti Ọyẹ́ dé Ìkọ̀lé. Ẹnìkan ń wá Brahma tí ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọmọ ìka, ẹlòmíràn ń wá Silkie oníyẹ̀ẹ́ múlọ́múlọ́, ẹlòmíràn sì ṣe tán láti san owó gọbọi nítorí Ayam Cemani, adìẹ ilẹ̀ Indonéṣíà tí ẹran àti eegun rẹ̀ pàápàá dúdú. Mo fara mọ́ ìfẹ́ náà tọkàntọkàn, nítorí ẹwà adìẹ jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a máa tọ́jú. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí a ṣe ń sanwó lórí àwọ̀ nìkan, láìbéèrè ohunkóhun nípa ìlera ìyá àti bàbá tí ó bí adìẹ náà. Lójú tèmi, àwọ̀ ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn nínú ohun tí a ó wò, nítorí ẹni tí ó bá ní adìẹ tí ara rẹ̀ le lè fi sùúrù ṣa àwọ̀ tí ó wù ú láàárín ìran mélòó kan, ṣùgbọ́n kò sí ìyẹ́ dáradára kan tí ó lè sọ adìẹ olókùnrùn di alára líle.

Àwọ̀ tilẹ̀ máa ń tan ẹni tí kò mọ bí ó ṣe ń rìn nínú ìran jẹ. Ẹ wo adìẹ aláwọ̀ eérú. Bí àkùkọ eérú bá gun àgbébọ̀ eérú, kì í ṣe eérú nìkan ni wọn yóò bí: bí òròmọdìẹ bá pọ̀ tó láti ṣírò, nǹkan bí ìdajì yóò jẹ́ eérú, ìdá kan nínú mẹ́rin yóò dúdú, ìdá kan nínú mẹ́rin yóò sì funfun pẹ̀lú àbàwọ́n eérú káàkiri ara. Ẹni tí kò mọ èyí yóò gbà pé wọ́n ta àbùlà fún òun, ìjà yóò sì dé láàárín òun àti ẹni tí ó tà á, bẹ́ẹ̀ ojúlówó ni adìẹ náà, bí àwọ̀ yẹn ṣe ń ṣe níbi gbogbo láyé nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí gbogbo ọmọ jẹ́ eérú, kí ó fi dúdú pọ̀ mọ́ funfun alábàwọ́n láti inú ìran kan náà. Bákan náà ni adìẹ Plymouth Rock abilà: àkùkọ rẹ̀ gba ilà láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá, àgbébọ̀ rẹ̀ sì gbà á láti ọ̀dọ̀ bàbá nìkan, ìdí nìyí tí ara akọ fi ń mọ́ ju ti abo lọ, tí àwọn olùrà fi ń rò pé méjèèjì kì í ṣe ẹbí. Ní ti adìẹ dúdú Indonéṣíà, ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tí ó bá sọ pé ẹyin dúdú ni ó ń yé, nítorí èèpo ẹyin rẹ̀ kò dúdú rárá. Dúdú inú ara rẹ̀ sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè hàn lára ọmọ tí ó bá bí pẹ̀lú adìẹ ìbílẹ̀ wa. Nítorí náà, awọ dúdú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé adìẹ kò ní àbùlà. Bí ó bá jẹ́ òròmọdìẹ ọjọ́ kan ni ẹ fẹ́ rà, ìyẹ́ tí ó wà lára rẹ̀ kọ́ ni yóò gbé dàgbà, ìyá àti bàbá rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè sọ ohun tí ẹ ń rà.

Níbi ìyá àti bàbá yìí ni ọ̀rọ̀ ìlera ti wọlé. Àwọn àìsàn kan wà tí àgbébọ̀ máa ń gbé sínú ẹyin, tí òròmọdìẹ yóò sì ti gbé jáde láti inú èèpo. Pullorum, àrùn ìgbẹ́ funfun tí ó máa ń pa òròmọdìẹ, jẹ́ ọ̀kan, àrùn Mycoplasma tí ó máa ń mú adìẹ mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ sì jẹ́ òmíràn. Àgbébọ̀ tí ó ní irú rẹ̀ lára lè máa dán, kí ó máa yé, kí ènìyàn má sì rí àléébù kankan lójú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn olùsìn adìẹ ti tẹ òṣùwọ̀n àwọ̀ àti ìdúró ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jáde ní 1874, òṣùwọ̀n ẹwà kò tó láti gba adìẹ lọ́wọ́ pullorum. Ní 1935, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn adìẹ ìbísí wò, kí a lè yọ èyí tí ó ní i kúrò láàárín àwọn tí wọ́n ń kó ẹyin wọn sàba. Àwa kò tíì ní òṣùwọ̀n ẹwà tí a kọ sílẹ̀ fún adìẹ tiwa, a kò sì tíì máa béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń ta adìẹ olówó iyebíye. Ó yẹ kí a máa béèrè rẹ̀. Ẹni tí ó lè dá owó ńlá lé adìẹ kan, kò yẹ kí owó àyẹ̀wò wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àrùn tí ó ń pa adìẹ wa jù, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n: lúkúlúkú, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle. Ìgbà ọyẹ́ ni ó máa ń gbóná jù, ìgbà náà sì ni adìẹ ń ti ìlú dé ìlú fún ọdún Kérésìmesì, tí a ń kó èyí tí ó wá láti ibi púpọ̀ pọ̀ sínú àgò kan ní ọjà. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó ra adìẹ ìbísí ní oṣù Kejìlá, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Lasota ni a ń fún wọn mu nínú omi ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, Komarov sì ni a ń gún wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ohun tí ó ń dí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́ ni pé ìgò kan lè tó fún 200 adìẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a bá sì ti pò ó tán, kò ní í pẹ́ tí yóò fi bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ adìẹ mẹ́wàá tàbí ogún ni ó wà lọ́wọ́ onílé kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ará àdúgbò kan dá owó jọ, kí wọ́n gbé e dé nínú yìnyín, kí gbogbo ilé sì lò ó ní òwúrọ̀ kan náà. N kò rí ìdí tí èyí kò fi lè ṣeé ṣe ní Èkìtì, níbi tí a ti mọ àáró àti èésú dáadáa.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà, ẹ tẹ́tí sí mímí adìẹ náà ní ibi tí ó dákẹ́. Ẹ wo ojú àti imú bóyá omi ń jáde, ẹ gbé ìyẹ́ abẹ́ apá àti ti ìdí sókè láti wo iná adìẹ, ẹ sì wo ìpẹ́ ẹsẹ̀ bóyá ó lẹ̀ mọ́ra, nítorí ìpẹ́ tí ó ṣí sókè fi hàn pé kòkòrò ti wọ abẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kí ó tó dé àárín àwọn ti ilé.

Ó tún yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá ojú ọjọ́ wa bá ẹ̀yà náà mu. Òjò kì í yọ̀ bọ́ lára ìyẹ́ Silkie, ẹrẹ̀ a máa dì mọ́ ẹsẹ̀ Brahma, ìyẹ́ orí adìẹ Polish sì ń bò ó lójú tí kì í fi í rí àwòdì tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ní ilé adìẹ tí ó gbẹ lè sìn wọ́n. Ẹni tí ń tú adìẹ sílẹ̀ kò yẹ kí ó dán an wò.

Níbi tí ọkàn mi wà gan-an ni adìẹ ìbílẹ̀. Abọ́lọ́rùn wa, tí ìyẹ́ kò sí lọ́rùn rẹ̀, ń fara da ooru ju ọ̀pọ̀ adìẹ lọ, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń yẹra fún un ní ọjà, wọ́n ń kà á sí adìẹ ètùtù, òun àti aṣá, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń ká sẹ́yìn. Ó dùn mí, nítorí a lè sọ wọ́n di ojúlówó ìran lọ́wọ́ ara wa. Abọ́lọ́rùn tí ìdì ìyẹ́ kékeré kan ṣì wà níwájú ọrùn rẹ̀ gba àmì náà láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Èyí tí kò ní ìdì ìyẹ́ yẹn gbà á láti ọ̀dọ̀ méjèèjì, irú rẹ̀ ni kí a fi bí ọmọ bí a bá fẹ́ kí gbogbo ọmọ jẹ́ abọ́lọ́rùn. Ní ti aṣá, ẹ má ṣe fi aṣá gun aṣá, nítorí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ni ìyẹ́ wọn yóò máa ṣẹ́ dànù tí òtútù yóò fi máa pa wọ́n. Aṣá àti oníyẹ̀ẹ́ títẹ́jú ni kí ẹ fi pọ̀. Kí a sì má jẹ́ kí àkùkọ kan máa gun ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ títí ìran náà yóò fi rẹ̀yìn. Kí a máa pààrọ̀ àkùkọ láàárín ìlú sí ìlú, kí a sì dúró tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn tí a bá yọ àkùkọ àtijọ́ kúrò kí a tó kó ẹyin sàba, nítorí àtọ̀ àkùkọ àtijọ́ náà ṣì máa ń wà nínú àgbébọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni ní Èkìtì bá ní àkùkọ abọ́lọ́rùn, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ eérú tàbí dúdú, tí òun àti ìyá rẹ̀ sì ti la ìgbà ọyẹ́ méjì kọjá láìṣàìsàn, kí ó jọ̀wọ́ kọ ìlú rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí a lè bẹ̀rẹ̀ pàṣípààrọ̀ náà.