Ẹ má na kworker, wọ́n rán an níṣẹ́ ni

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àgùnbánirọ̀ kan gbé laptop wá bá mi ní Kubwa láti Lugbe. Ó ti pè mí ṣáájú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ti wọ inú ẹ̀." Kó tó yọ ọ́ tán nínú báàgì ni mo ti ń gbọ́ ariwo fáànù. Abẹ́ ẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bátìrì tó ń lo wákàtí mẹ́rin tẹ́lẹ̀ kì í pé wákàtí kan mọ́. Tòkunbọ̀ ni, Ubuntu, irú Linux kan, ló wà lórí ẹ̀.

Ọmọ náà ti náwó o. Ẹnjiníà àkọ́kọ́ ní RAM ló kéré, ó ta 8GB fún un, ó sì di 16GB. Ariwo ò dín. Ìkejì ṣí top, ètò tó ń fi ohun tó ń jẹ CPU hàn, ó rí kworker tó ń jẹ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún CPU kan, ó ní fáírọ́ọ̀sì nìyẹn. Ó fi kill -9, àṣẹ tó ń fipá pa ètò, pa á, kò kú. Ló bá format gbogbo ẹ̀. Kí ọmọ ọlọ́mọ tó padà dé Lugbe, fáànù ti tún gbéra.

Mi ò bú wọn, torí ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ náà ni wọ́n gbà gbọ́: pé orúkọ tó bá wà lókè nínú top ni ọ̀daràn, pé bí kò bá ti ṣeé pa, fáírọ́ọ̀sì ni, àti pé kò sí àìsàn kọ̀ǹpútà tí RAM tàbí format kì í wò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ fọkàn yàwòrán ilé kan ní Gwarinpa tó ní mẹ́gáàdì. Bí àlejò bá tẹ bẹ́ẹ̀lì, mẹ́gáàdì á dìde. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ẹnu géètì sílẹ̀ pẹ́, nítorí náà á kọ orúkọ àlejò sórí ìwé, á rán ọmọ ilé kan wọlé lọ sọ. Bí kernel, ọkàn Linux tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Driver kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kan, ti bá a ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀: "Bí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ tèmi yìí ni kó o pè." Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó pè yẹn ni callback. Ẹ tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹ fa ṣájà yọ, ẹ pa ìdérí laptop dé, bẹ́ẹ̀lì á dún. Èyí tó bá ṣe kíá, kernel á ṣe é lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá máa pẹ́ díẹ̀, á tò ó sórí ìlà tí wọ́n ń pè ní workqueue, ọmọ ilé á sì wá gbé e. Ọmọ ilé yẹn ni kworker.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí ẹ bá rí ọmọ ilé tó ń sáré sókè sódò, tó ń làágùn, ẹ̀bi ta ni? RAM tí ẹ rà, pálọ̀ lẹ fẹ̀. Format tí ẹ ṣe, ilé lẹ kùn lọ́dà. Bí wáyà bẹ́ẹ̀lì bá ti kan ara wọn níta géètì, tó ń dún láìsí àlejò, ọmọ náà á máa sáré lọ ni. Ìdí tí kill -9 ò sì fi ràn án ni pé ara kernel fúnra rẹ̀ ni kworker, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wọ̀ ọ́ létí.

Mo gbà pé àwọn jàgùdà kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ kworker bojú láti fi kọ̀ǹpútà èèyàn wa owó crypto. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣòro dá mọ̀. Òbí kworker gidi ni kthreadd, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2, VIRT rẹ̀ (iye mẹ́mórì tó gbà) nínú top jẹ́ 0, kò sì ní fáìlì kankan lórí dísìkì tó ń ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Kworker inú laptop ọmọ yìí, gidi ni.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni kworker/0:2+kacpid. Ẹ̀yìn àmì ìròpọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ gan-an sì lojú àwọn èèyàn kì í dé. Ó ń sọ orúkọ ìlà tí ọmọ ilé ń bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ àmì ìyọkúrò ló wà níbẹ̀, a jẹ́ pé iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni. Kacpid ń tọ́ka sí ACPI, ọ̀nà tí pátákó laptop ń gbà sọ fún kernel nípa bátìrì, ìdérí, bọ́tìnnì àti ooru. Mo wá wo iye ìgbà tí bẹ́ẹ̀lì ACPI kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní gpe, ti dún:

grep . /sys/firmware/acpi/interrupts/gpe*

Yàtọ̀ sí gpe_all tó jẹ́ àròpọ̀ gbogbo wọn, òdo ló kún ibẹ̀, àfi gpe6F tó wà ní 1,904,316. Mo ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, mo tún un wò: 1,927,188. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan laptop. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń tẹ̀ ẹ́?" Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ń kọ Linux fúnra wọn ti kọ ọ́ sínú àlàyé wọn pé bí kworker bá ń jẹ CPU, ọ̀kan nínú méjì ni: bóyá wọ́n ń rán an níṣẹ́ lemọ́lemọ́, tàbí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rán an ni kò tán. Fún ti àkọ́kọ́, ẹ fi ftrace wo ẹni tó ń to iṣẹ́ sórí ìlà. Ẹ kọ workqueue:workqueue_queue_work sínú /sys/kernel/tracing/set_event, kí ẹ wá ka trace_pipe. Fún ìkejì, ẹ wo /proc/NỌ́ŃBÀ/stack, kí ẹ fi nọ́ńbà kworker yẹn sí ibi NỌ́ŃBÀ. Ftrace yìí, tí Steven Rostedt kọ, ti wà nínú kernel láti 2008, ó wà nínú Ubuntu yín báyìí láìsan kọ́bọ̀. Nínú trace_pipe tiwa, acpi_os_execute_deferred ló ń tẹ̀lé ara rẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ bí ọkọ̀ Nyanya láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Àbúrò mi kan tó ń kọ driver ní Jabi ní kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, ṣebí èèyàn lè ki printk bọ inú callback kó sì máa ka ohun tó bá kọ jáde. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bó bá jẹ́ wáyà serial tó ń gbé bit 115200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ fi ń kà á, nǹkan bíi lẹ́tà 11,520 ló ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlà kan tó ní lẹ́tà 80 á gba nǹkan bíi millisecond 7. Bẹ́ẹ̀lì tiwa sì ń dún ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú millisecond kan! Printk náà á wá di àìsàn tuntun. Bó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ kọ nǹkan, ẹ lo trace_printk, inú mẹ́mórì ló ń kọ ọ́ sí, kò ní dá callback dúró.

Ẹ̀yin ará Windows, ẹ má rẹ́rìn-ín. "System interrupts" tí ẹ máa ń rí nínú Task Manager kì í ṣe ètò, kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Àkókò tí mẹ́gáàdì yín ń lò lórí bẹ́ẹ̀lì ni Windows kó jọ síbẹ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ LatencyMon á fi driver tó ń fa wàhálà hàn yín.

Ní ti laptop wa, mo wọlé bíi root, aláṣẹ gbogbo kọ̀ǹpútà, mo kọ:

echo disable > /sys/firmware/acpi/interrupts/gpe6F

Ká tó mí lẹ́ẹ̀mejì, fáànù ti dákẹ́. Ọmọ náà wo laptop, ó wò mí, ó tún wo laptop. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré da tèmi kọ o. Ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop ló ń yan ohun tí wọ́n so mọ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. 6F tiyín lè jẹ́ bẹ́ẹ̀lì tí ẹ nílò. Àṣẹ yẹn á sì parẹ́ bí ẹ bá tún laptop tàn, nítorí náà mo fi acpi_mask_gpe=0x6F sínú GRUB, ètò tó ń gbé Linux dìde, fún un.

Lọ́jọ́ kẹta a rí BIOS tuntun, ìyẹn ètò inú pátákó, fún laptop náà. A gbé e wọlé, mo yọ ohun tí mo fi sí GRUB, mo tún ka bẹ́ẹ̀lì: gpe6F dúró sí 3, kò kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà ti lọ bá ẹni tó ta RAM fún un, ó ní kó gbà á padà. Ọkùnrin yẹn ní ọjà tí wọ́n ti tú kúrò nínú ọ̀rá kì í padà sórí igbá.