Òkùnkùn Inú Yàrá Kọ́ Ló Ń Fọ́ Ojú

Aago méjì ọ̀sán ni, oòrùn ń mú ganrínganrín lórí òrùlé gbogbo àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, síbẹ̀ mo ní láti tan iná kí n tó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ ilé alájà méjì là ń gbé. Fèrèsé yàrá méjèèjì dojú kọ ògiri ilé kejì, àlàfo àárín wọn ò sì ju ibi tí èèyàn lè fẹ̀gbẹ́ gbà kọjá. Oòrùn máa ń yọjú síbẹ̀ nígbà tó bá wà láàárín orí gan-an. Kò ní pẹ́ tó fi máa lọ, ó tún di ọ̀la.

Inú yàrá yìí ni ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ń kàwé. Kò sí àlejò tó wọlé tí kì í sọ ọ́: "Ojú ọmọ yìí á fọ́ o." Ìyá ọkọ mi ló sọ ọ́ kẹ́yìn. Wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò tíì sọ àpò gàrí tí wọ́n gbé wá kalẹ̀ tán tí wọ́n ti gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ. "Ìyàwó mi, ṣé o fẹ́ kí ó fọ́jú ni? Nínú òkùnkùn biribiri báyìí?"

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, mi ò sì fèsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni gbogbo wa nílé gbà gbọ́ títí ojú kan fi bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Kíkàwé nínú iná bàìbàì kì í fọ́ ojú. Kì í fọ́ ojú ọmọdé, kì í fọ́ ojú àgbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Rachel Vreeman àti Aaron Carroll, ṣa àwọn ìgbàgbọ́ kan jọ tí àwọn dókítà fúnra wọn máa ń sọ, wọ́n tú ìdí wọn wò, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ iná bàìbàì yìí wà lára wọn. Ohun tí wọ́n bá nídìí rẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ ojú gbà pé ó lè dá ojú lágara, àmọ́ kì í ba ojú jẹ́.

Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ mú jígí, ẹ dúró sí kọ̀rọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wo dúdú àárín ẹyinjú yín. Á ti ṣí gbàgà. Kí ẹnì kan wá ṣí ilẹ̀kùn. Lójú yín báyìí ni dúdú náà á ṣe sún kì, bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀. Ihò ni dúdú yẹn, ẹnu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Nínú oòrùn, kò ju bíi mìlímítà 2 lọ. Nínú òkùnkùn, ti ọ̀dọ́ lè fẹ̀ tó mìlímítà 7 tàbí 8. Lẹ́yìn ojú lọ́hùn-ún, oríṣi méjì ni àwọn ohun tíntìntín tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Bíi mílíọ̀nù 6 ló ń mójú tó àwọ̀ àti lẹ́tà wínníwínní, bíi mílíọ̀nù 120 ló wà fún ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré. Ìdí nìyẹn tí òwú búlúù àti òwú aláwọ̀ ewé fi máa ń jọra lójú mi ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ń ránṣọ. Ojú mi ò ṣàìsàn. Ó gbé iṣẹ́ lé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe nínú òkùnkùn lọ́wọ́ ni, àwọn yẹn ò sì mọ àwọ̀ yà sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n dá ojú fún nìyẹn. Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ìta gbangba lábẹ́ oòrùn ọ̀sán lè tó 100,000. Yàrá tí wọ́n tan iná sí dáadáa lè wà láàárín 300 sí 500. Àbẹ́là kan tí ẹ gbé jìnnà sí yín ní mítà kan, lux 1 péré ni. Ojú kan náà ló ń ríran nínú gbogbo rẹ̀.

Kí ló wá dé tí orí fi ń fọ́ni, tí ojú sì ń ta ni tí a bá kàwé pẹ́ nínú òkùnkùn? Ìdí rẹ̀ ò le. Lẹ́tà ò hàn dáadáa, a fa ìwé mọ́ imú, iṣan tó ń bá ojú wo ohun tó wà nítòsí sì ń fà láìsinmi. A tún ń gbàgbé láti ṣẹ́jú. Ojú tí kò ṣe nǹkan máa ń ṣẹ́ bí ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ tó bá tẹjú mọ́ ìwé tàbí fóònù, kì í tó ìdajì ìyẹn mọ́, ni ojú á bá gbẹ, á máa ta. Ẹni tó rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́ fún àlejò Ojúde Ọba láti àárọ̀ dalẹ́, apá á ro ó. Bó bá sùn, tó jí, apá ti padà sípò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú.

Mo mọ ohun tó mú kí ìgbàgbọ́ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, mi ò sì bá àwọn àgbà wa wíjọ́. Ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé gan-an, láti bí ọdún mẹ́jọ lọ sókè, ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí kì í rí ọ̀ọ́kán ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bá lé lógójì ọdún ni awò kékeré inú ẹyinjú máa ń le, tí kì í rọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, tí a ó wá máa na ìwé orin jìnnà ká tó lè kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú òkùnkùn ni irú ojú bẹ́ẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ fi hàn pé nǹkan ti yí padà, torí nígbà tí ihò yẹn bá ṣí gbàgà, gbogbo àléébù awò náà á hàn síta. Aláìṣẹ̀ ni iná bàìbàì. Ó kàn tú àṣírí ni.

Bàbá mi ò gbọ́ èyí rí. Olùkọ́ ni wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ Ìkẹ́nnẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná àtùpà elépo òyìnbó ni wọ́n sì fi ka gbogbo ìwé tí wọ́n fi ṣe ìdánwò. Nígbà tí wọ́n lé lọ́gọ́ta ọdún, èjìká òsì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá férémù ilẹ̀kùn. Tíì tí wọ́n ń bù sínú kọ́ọ̀bù á dà sórí tábìlì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Àtùpà ayé ọjọ́un ló ń bá mi jà." Àwa náà á rẹ́rìn-ín. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ra awò ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní ẹ̀bá títì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lágbára ju èyí tó ṣáájú lọ. Bí ọdún mẹ́rin ṣe kọjá lọ nìyẹn.

Ọjọ́ tí a tó lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kán omi aláwọ̀ ìyeyè sí wọn lójú. Dókítà ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n lé irin kan, ó gbé iná búlúù kékeré sún mọ́ ẹyinjú wọn títí ó fi kàn án, ó wọn bí omi inú ojú ṣe ń fún un tó. Ó wo ẹ̀yìn ojú náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń rí lára ògiri. Aago wà níbẹ̀, kàlẹ́ńdà wà lápá òsì rẹ̀, èmi fúnra mi dúró lápá ọ̀tún. Bàbá mi ní, "Mo ń rí aago." Dókítà ní, "Kí ló tún wà níbẹ̀, Bàbá?" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Aago."

Glaucoma ni. Iṣan tó ń gbé ìríran láti ẹyinjú lọ sí ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í dunni, kì í ta ni, ẹ̀gbẹ́ ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìríran lọ sí àárín. Ohun tó bá ti lọ kì í padà mọ́. Òògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dá ìyókù dúró, bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Mo bi dókítà nípa àtùpà. Ó ní àtùpà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀: ṣé ẹnì kan nínú ẹbí ti fọ́jú rí? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti fọ́jú kí wọ́n tó kú. Ayé ló ṣe wọ́n, wọ́n ní.

Nígbà tí wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè wò káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, cataract, èyí tí funfun fi máa ń bo ẹyinjú, ló fa bíi 43 nínú gbogbo 100 afọ́jú. Glaucoma ló tẹ̀ lé e, ó fa bíi 17. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá fínra jù, ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá sì ti ní in, ewu tirẹ̀ lé sí i. Ti cataract ṣeé ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí èèyàn sì tún máa ríran. Ó dùn mí pé iye ọdún tí a fi ń dá àtùpà lẹ́bi gan-an ni ọdún tí òògùn ì bá fi ran bàbá mi lọ́wọ́.

Àwọn òbí kan tún wà tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ní òun ò rí ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó, ìwé ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́, wọn ò ní ra awò fún un, wọ́n ní awò á tún ba ojú jẹ́ sí i. Awò kì í ba ojú ọmọ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rà á fún un.

Mo fẹ́ sọ ibi tí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi, torí ó wà níbẹ̀. Òkùnkùn yàrá ò fọ́ ojú ọmọ, àmọ́ ọmọ tó bá ń gbé inú ilé láti àárọ̀ dalẹ́ láìrí ìta, ojú rẹ̀ lè má mọ ọ̀ọ́kán rí mọ́. Ní Guangzhou, ní Ṣáínà, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 níta gbangba kún àkókò àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje lójoojúmọ́ ilé ìwé. Wọ́n kéde àbájáde rẹ̀ ní 2015: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bíi 30 nínú 100 nínú wọn ló ti di ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán, nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 nínú 100 nínú àwọn tí wọn ò fi kún tiwọn. Abẹ́ igi pàápàá mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po ju yàrá tó níná lọ. Nítorí náà, bí ọmọ mi bá ti dé láti ilé ìwé, bọ́ọ̀lù ló kàn. Ó di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun ìrọ̀lẹ́ kó tó fọwọ́ kan ìwé. Bí ẹnì kan bá ń gbé irú ilé tiwa, ìyẹn ló yẹ kó jẹ ẹ́ lógún jù.

Inú ilé náà, a ti ṣe díẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé ẹ̀gbẹ́ wa, mo kun ògiri rẹ̀ tó dojú kọ fèrèsé wa ní pẹ́ǹtì funfun. Gálọ́ọ̀nù kan ló gbà. Láti ìgbà náà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń ta wọlé láti ara ògiri yẹn, kò sídìí fún mi láti tan iná kí n tó rí ẹsẹ̀ ọmọ lórí ẹní. Mo gbé tábìlì sí ibi tí òjìji ọwọ́ rẹ̀ ò ti ní bọ́ sórí ìwé. Kí ara lè rọ̀ wá la ṣe ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ tó tó ṣe pàtàkì fún àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú, torí ìṣubú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún wọn. Àbẹ́là àti àtùpà sì léwu, torí iná tó lè jó ilé àti èéfín tó ń wọ imú.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi dé, lẹ́yìn oúnjẹ, mo bi wọ́n bóyá ẹnì kan ti fọ́jú rí ní ìdílé wọn. Wọ́n ní bàbá àwọn, àti ẹ̀gbọ́n àwọn ọkùnrin. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ bo ojú kan, kí wọ́n sọ iye èèyàn tó jókòó ní pálọ̀. Wọ́n kà wá pé. Wọ́n bo ìkejì, wọ́n tún kà wá pé. Inú wọn dùn, wọ́n fẹ́ dìde lọ sùn. Mo ní rárá, Màámi, bàbá tèmi náà ì bá kà wá pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àfi kí wọ́n wọn ojú náà, kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀ka ojú wà ní OOUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo, ní Ṣágámù. Wọ́n bi mí bóyá omi ìyeyè yẹn máa ń ta ni. Mo ní díẹ̀ ni, kì í pẹ́. Ọjọ́bọ̀ la máa lọ.