Lọ́yà ọ̀fẹ́ kì í ṣe ayédèrú lọ́yà

Ohùn kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp. Ọkùnrin kan ń sọ níbẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni lọ́yà tó bá ń gba ẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́, pé adájọ́ kì í ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí. Irọ́ ni o.

Ní Nàìjíríà, kí èèyàn tó di lọ́yà, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní Kóòtù Tó Ga Jùlọ, ìbáà gbowó, ìbáà má gbowó. Wíìgì kan náà, gáàùn dúdú kan náà. Kò kàn ní kọ bíìlì fún yín ni.

Láti 1976 ni Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún tálákà ní lọ́yà ọ̀fẹ́, ti wà. Òfin 2011 ló ń darí rẹ̀ báyìí. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ìyẹn ₦70,000 láti 2024, ni wọ́n dìídì ń ràn lọ́wọ́. Àwọn agùnbánirọ̀ tó jẹ́ lọ́yà máa ń bá wọn ṣiṣẹ́, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “akẹ́kọ̀ọ́” ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ti parí Law School kí wọ́n tó wọ kákí.

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ń gbà ṣá. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì wọn ní ìpínlẹ̀ yín.