Èèyàn tó ṣì ń mí ni, ẹ rọra kọ ọ́

Ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. "Àbúrò, ṣebí ìwọ lo máa ń kọ nǹkan sórí Wikipedia? Jọ̀ọ́, bá mi yọ ibì kan kúrò." Wikipedia ni ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ló sì ní ojú ewé níbẹ̀. Ibi tó ń dun ọ̀gá ni ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí owó kan. Mo ní ṣé irọ́ ni? Ẹ̀gbọ́n ní kì í ṣe irọ́, àmọ́ adájọ́ ti dá a sílẹ̀ tipẹ́. Mo lọ wò ó. Lóòótọ́, ìlà mẹ́ta gbáko lórí ẹ̀sùn, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìdájọ́.

Mi ò yọ ọ́ o. Mo wá ìròyìn ìdájọ́ náà rí nínú ìwé ìròyìn méjì, mo fi kún un, mo gé ìlà mẹ́ta yẹn sí ẹyọ kan, mo sì kọ ọ́ sí ojú ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pé ẹbí mi ló bẹ̀ mí níṣẹ́ kí n tó débẹ̀. Inú ẹ̀gbọ́n ò dùn. Wọ́n ní àwọn rò pé ọmọ ìyá làwa.

Ẹni tó bá rò pé mo ń ṣe àṣejù, kó gbọ́ ohun tí ojú John Seigenthaler rí. Akọ̀ròyìn àgbà ni, ará Nashville ní Amẹ́ríkà, ó sì ti bá Robert Kennedy ṣiṣẹ́ rí. Ọjọ́ tí wọ́n sin Kennedy yìí, ó wà lára àwọn tó gbé pósí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, ẹnì kan tí kò forúkọ sílẹ̀ wọ inú Wikipedia, ó kọ ọ́ pé ìgbà kan wà tí wọ́n fura sí Seigenthaler pé ó lọ́wọ́ nínú ikú John Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn pa, àti ti Robert àbúrò rẹ̀. Ó tún fi kún un pé Soviet Union ló ń gbé láti 1971 sí 1984. Irọ́ funfun báláú. Ó tó oṣù mẹ́rin tí irọ́ yìí fi jókòó síbẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, ẹni tó kọ ọ́ ní òun fi ń dẹ́rìn-ín pa ẹni tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Bàbá ti pé ẹni ọdún 78 nígbà tó ń kọ ẹ̀hónú rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn USA Today. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí òfin tí Wikipedia ń tẹ̀ lé lórí ìtàn àwọn tó wà láàyè: ọ̀rọ̀ tó lè ba èèyàn lórúkọ jẹ́, tí kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pa á rẹ́ kíá, má dúró de àpérò.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, èébú kọ́ ni wàhálà tó pọ̀ jù. Oríkì ni. Ẹ ṣí ojú ewé mẹ́wàá lórí Wikipedia Yorùbá, ẹ ó bá "gbajúgbajà", "ìlú-mọ̀ọ́ká", "akínkanjú" níbẹ̀. Mo mọ ibi tó ti wá. Bí a ṣe ń ròyìn èèyàn nílé wa nìyẹn; ẹni tó bá dárúkọ àgbà lásán, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Owó náà sì ń bẹ níbẹ̀. Lọ́dún 2015, Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì ti àkáǹtì 381 pa pọ̀ torí pé wọ́n ń fi ojú ewé gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àti olórin.

Ẹ jẹ́ ká mú Philip Emeagwali. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ọmọ Ìgbò, Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1954. Ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell, tí wọ́n ń fún àwọn tó fi kọ̀ǹpútà alágbára ṣe iṣẹ́ ńlá, ti ọdún 1989, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń wo bí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe pọ̀ tó sí owó tó ná èèyàn. Ìṣirò nípa epo rọ̀bì inú ilẹ̀ ló ṣe, orí kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Connection Machine tó ní ẹ̀rọ ìṣirò kéékèèké 65,536 nínú ló sì ti ṣe é. Ẹ̀bùn gidi ni. Nígbà tí Bill Clinton wá sí Àbújá lọ́dún 2000, ó dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin wa. Ó tó fi yangàn. Àmọ́ WhatsApp ò jẹ́ kó mọ síbẹ̀, wọ́n ní òun ni bàbá íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti hù jáde, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969, Vint Cerf àti Bob Kahn ló sì gbé ìlànà TCP/IP, tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kalẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Kí la ó wá kọ? Ẹnì kan á ní ká má fi ọmọ wa ṣẹ̀sín lójú òyìnbó. Òmíràn á ní ká fọ gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ̀bùn 1989 náà pẹ̀lú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni lọ nínú wọn. Kọ ẹ̀bùn náà, kọ ẹ̀ka tó ti gbà á, kọ ohun tí wọ́n ń pè é àti ohun tí àkọsílẹ̀ fi hàn, kí o dákẹ́.

Àìṣègbè kì í sì í ṣe pé ká pín in lọ́gbọọgba. Andrew Wakefield, dókítà ará Britain, kọ ìwádìí sínú Lancet, ìwé ìwádìí àwọn oníṣègùn, lọ́dún 1998 lórí ọmọ 12, èyí tó dẹ́rù ba àwọn òbí nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR tí wọ́n ń gún fún ọmọdé láti dènà èéyi àti àrùn méjì mìíràn. Oṣù kejì ọdún 2010, Lancet fagi lé ìwádìí náà. Oṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àwọn dókítà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà. Ẹni tó bá ń kọ ọ́, kò gbọdọ̀ fi ìdajì ojú ewé fún àwọn tó ṣì gbà á gbọ́. Kò sì pọn dandan kó pè é ní òpùrọ́. Ọjọ́ tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ ti tó.

Ọ̀rọ̀ wa fúnra rẹ̀ máa ń dájọ́ ká tó mọ̀. "Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi." Ẹni tí EFCC ṣẹ̀ṣẹ̀ pè pé kó wá ṣàlàyé, ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi nínú ìròyìn ọ̀la. "Wọ́n fẹ̀sùn kàn án" wà nílẹ̀, ẹ lò ó.

Ó wá ku "ó" àti "wọ́n". Bí mo bá ń kọ "wọ́n" fún prófẹ́sọ̀ ẹni ọgọ́rin ọdún, tí mo wá ń kọ "ó" fún ọ̀dọ́mọdé olórin tó ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tí mo ti dá lẹ́bi. Nítorí náà, "ó" ni mo ń lò fún gbogbo wọn, gómìnà dé orí onítíátà.

Màmá mi ka ọ̀kan lọ́jọ́ kan, nípa dókítà kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Wọ́n yọ jígí ojú wọn. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni dókítà?" Mo ní rárá o, Mà, ìwé ìmọ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ìwé ìmọ̀ wo ni kò mọ àgbà.